Kantíkantí tó ń jẹ wá lẹ́yìnkùlé: kí ni fọ́tò lè sọ fún wa nípa rẹ̀?

Olóko Ìdànrè

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Lẹ́yìnkùlé ilé wa ní ẹ̀bá Ìdànrè, níbi tí a máa ń kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà jọ sí lẹ́yìn tí a bá ti bẹ́ orí rẹ̀, kòkòrò kan wà tó kéré débi pé ènìyàn kì í rí i títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń pọ̀ jù. Kì í kùn létí bí ẹ̀fọn, àwọ̀n ẹ̀fọn tí a sì ta sórí ibùsùn kò dí i lọ́wọ́ rárá. Ibi tó bá ti jẹ máa ń wú, a sì máa yúnni fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ilé wa ní kantíkantí lásán ni, àwọn mìíràn sì ní amukùrù ni, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ó lè fọ́ni lójú.

Mo fi fóònù ya fọ́tò mẹ́ta tí ẹ ń wò yìí. Èyí àkọ́kọ́ wà lórí apá ọmọ mi, èkejì wà lórí ògiri funfun, ẹ̀kẹta sì wà nínú abọ́ omi. Áàpù tó ń dá orúkọ kòkòrò mọ̀ sọ pé ọmọ agbolé (ẹbí ńlá) kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Chironomidae ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà nípa àwọn ìyẹn, mo rí i pé wọn kì í jẹ ènìyàn. Kí ni ẹ rí nínú àwọn fọ́tò yìí, irú èwo ni ó sì yẹ kí n yà kí ọ̀rọ̀ náà lè yanjú?

Oníkòkòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Kí a tó dé orí orúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ àwọn tí kì í ṣe òun kúrò, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá kòkòrò mọ̀ láti inú fọ́tò ni mímọ ohun tí kì í ṣe.

Amukùrù ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù. Amukùrù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Simulium, ní iké lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ki, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó sì mọ́ gaara láìní àmì kankan, ìwo méjì tó wà lórí rẹ̀ sì kúrú, wọ́n nípọn, wọn kò ní irun gígùn. Ó máa ń tó mìlímítà 2 sí 5 ní gígùn. Ọ̀sán ni ó ń jẹni, ibi tí omi ti ń sáré kọjá lórí àpáta ni ó sì ń yé ẹyin sí, kì í ṣe inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà. Nínú fọ́tò tí ẹ yà lórí ògiri, n kò rí iké, ìwo rẹ̀ gùn ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ náà kò fẹ̀. Kì í ṣe amukùrù. Ẹ lè fi àwọn àgbà lọ́kàn balẹ̀ lórí ìyẹn, nítorí pé amukùrù nìkan ni ó ń gbé aràn tó ń fa ìfọ́jú etí odò láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Eṣinṣin iyanrìn, èyí tó ń gbé àrùn leishmania kiri, rọrùn láti yọ. Irun bo gbogbo ara àti ìyẹ́ rẹ̀, bó bá sì bà, ńṣe ni ó máa ń na ìyẹ́ méjèèjì sókè ní ìyàtọ̀ síra, kì í pa wọ́n dé. Tiyín pa ìyẹ́ dé.

Ti Chironomidae ni ó nílò sùúrù. Áàpù yẹn kò ṣàdédé sọ ọ́, nítorí pé agbolé yìí àti Ceratopogonidae, agbolé àwọn kantíkantí tó ń jẹni, súnmọ́ra gan-an, akọ wọn méjèèjì sì ní irun yàwìrì lára ìwo. Bí ẹ bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bí ìyẹ́ ṣe sinmi. Chironomidae máa ń jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ ara, ìdí ikùn rẹ̀ a sì sábà máa yọ jáde kọjá ìyẹ́ náà. Èyí tó ń jẹni, tó jẹ́ ọmọ agbolé Ceratopogonidae, máa ń tẹ́ ìyẹ́ kan lé èkejì pẹrẹsẹ lórí ikùn, bí abẹ ṣísọ́ọ̀sì tí a pa dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú. Chironomidae tó bá bà sórí ògiri sábà máa ń gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, wọ́n sì gùn ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ti Ceratopogonidae kì í gùn bẹ́ẹ̀. Bí fọ́tò bá dára tó láti fi iṣan ìyẹ́ hàn, ẹ wá iṣan kan tó gba àárín ìyẹ́ kọjá. Nínú Ceratopogonidae, iṣan yẹn máa ń pín sí méjì kó tó dé etí ìyẹ́, nígbà tí ti Chironomidae kì í pín. Ẹnu náà wà níbẹ̀: ti abo tó ń jẹni yọ sísàlẹ̀ orí, ó sì le, ṣùgbọ́n ti Chironomidae kò wúlò fún gígé awọ ẹnikẹ́ni.

Fọ́tò ògiri yín fi ìyẹ́ tó sùn lé ara wọn hàn mí, ẹsẹ̀ iwájú sì wà nílẹ̀. Mo fara mọ́ Ceratopogonidae. Bóyá Culicoides ni, tí í ṣe ìdílé tó lókìkí jù nínú agbolé náà tó sì ní ẹ̀yà tó lé ní 1,300 káàkiri ayé, n kò lè sọ ọ́ láti inú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ kò hàn dáadáa. Èyí tó wà lórí apá ọmọ ti di àbàwọ́n, èyí tó wà nínú omi sì ti ká ẹsẹ̀ jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ọ̀kan láti òkè nígbà tó bá pa ìyẹ́ dé, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, àti ọ̀kan tí ìyẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ pẹrẹsẹ sórí nǹkan funfun pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ayàwòrán Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí Oníkòkòrò ṣe sọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé ó rọrùn. Kòkòrò tí kò ju mìlímítà 2 lọ kò ṣeé fi kámẹ́rà fóònù lásán yà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, kámẹ́rà kò ní ríran mọ́, bí ẹ bá sì jìnnà, ẹ ó kàn rí àmì dúdú kan. Lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń fi há orí fóònù, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà gidi àti lẹ́ńsì asúnmọ́hun yóò rí i pé, nígbà tí lẹ́ńsì bá gbé nǹkan ní ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an, kòkòrò tó gùn ní mìlímítà 2 gba mìlímítà 2 péré lórí ojú ìgbàwòrán inú kámẹ́rà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 nínú àwọn kámẹ́rà ńlá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń lo ohun tó ń sọ kòkòrò di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn kan a máa dojú lẹ́ńsì àtijọ́ kọ ẹ̀yìn kí wọ́n tó dè é mọ́ kámẹ́rà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún owó tí kò tó nǹkan.

Bí a bá ti sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, apá ibi tí ojú kámẹ́rà mú ṣinṣin kò ní tó ìdajì mìlímítà kan. Bí ojú bá hàn, ìdí ikùn yóò rú. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi gbogbo ara rẹ̀ hàn nínú fọ́tò kan ṣoṣo nígbà tí kòkòrò bá dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn kí ó dọ́gba pẹ̀lú ojú lẹ́ńsì, ìyẹn ni pé bí ìyẹ́ ni ẹ fẹ́, kí ìyẹ́ náà dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ya fọ́tò púpọ̀, kí ó máa sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ síwájú, kí ó sì fi kọ̀ǹpútà kó wọn pọ̀ di ẹyọ kan.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ba fọ́tò ìyẹ́ jẹ́ jù. Ìyẹ́ kòkòrò yìí máa ń dán, iná fóònù tó bá sì bọ́ sí i tààrà yóò ta padà, yóò sì pa gbogbo àmì ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi tíṣù tàbí bébà funfun fẹ́lẹ́ bo iná náà, tàbí kí ẹ yà á lábẹ́ ibòji ní ọ̀sán. Ẹ lo bébà tó funfun láìdán, kí ẹ sì fi rúlà tàbí bébà onílà mìlímítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kan náà, kì í ṣe nínú fọ́tò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Àwọn fóònù tuntun àti àwọn ètò tó ń tún fọ́tò ṣe máa ń fúnra wọn dá irun àti ilà sí ibi tó bá rú, kí ó lè dà bí ẹni pé ó hàn. Ní orí ojú ènìyàn, ìyẹn lè má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n lórí ìyẹ́ tí a fẹ́ ka àmì rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa fún wa. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bí kámẹ́rà ṣe yà á, bí ó tilẹ̀ rú díẹ̀, kí ẹ má sì ṣe fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ WhatsApp lọ́nà tí yóò fi sọ ọ́ di kékeré.

Ìyá Ìbejì, Inverness

Mo kí yín láti òkè Scotland. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwa náà ń bá kòkòrò yìí jà níbí, láti oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Culicoides impunctatus ni orúkọ èyí tó pọ̀ jù. Ilẹ̀ àbàtà tó kún fún ewé jíjẹrà ni ìdin rẹ̀ ń gbé, abo rẹ̀ sì lè yé ẹyin àkọ́kọ́ láìmu ẹ̀jẹ̀ rárá, nítorí náà bí kò bá tilẹ̀ sí ènìyàn tàbí ẹran nítòsí, wọn kò ní tán. Ohun tí àwọn ará ibí mọ̀ dájú ni pé afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n fò. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n a wábi sá sí. Fáànù lè ran ẹ̀gbọ́n wa lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ju àwọ̀n lọ, nítorí ihò àwọ̀n ẹ̀fọn tóbi jù fún kantíkantí.

Lórí fọ́tò, ìyẹ́ tí èmi máa ń rí níbí ní àmì tótòtó funfun lórí àwọ̀ eérú, mo sì máa ń wo àwòrán àtẹ ìyẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣe láti fi dá ẹ̀yà mọ̀. Ṣé kò ní tó kí ẹ̀gbọ́n náà wá irú àtẹ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ìyẹ́ tirẹ̀ wé e?

Oníkòkòrò

Ìyá wa, àtẹ ìyẹ́ wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní Yúróòpù tí ẹ wà gan-an, Culicoides obsoletus àti Culicoides scoticus wà, ìyẹ́ àwọn abo wọn sì jọra débi pé àwọn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí máíkírósíkóòpù kì í fẹ́ búra lé e. Àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn DNA, ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àtẹ tí wọ́n bá sì ṣe fún kòkòrò ilẹ̀ Yúróòpù kò ní èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa. Ẹni tó bá fi ìyẹ́ Ìdànrè wé àtẹ Scotland yóò rí èyí tó jọ ọ́, nítorí pé nǹkan kan kì í ṣàìjọ nǹkan, orúkọ tí yóò mú wálé sì lè jẹ́ ti kòkòrò tí kò sí ní ilẹ̀ wa rárá.

Ohun tí ìyẹ́ lè sọ fún wa láìṣiyèméjì ni ìdílé. Ìyẹ́ Culicoides ní yàrá kéékèèké méjì tí iṣan yí ká ní etí iwájú rẹ̀, iṣan etí náà sì máa ń parí nígbà tó bá kọjá ìdajì ìyẹ́ díẹ̀. Àmì dúdú kan sábà máa ń wà lórí yàrá wọ̀nyẹn, àmì funfun kan a sì tẹ̀ lé e. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo Culicoides ni ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì. Culicoides inornatipennis, tí Carter, Ingram àti Macfie fún ní orúkọ ní 1920 nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, kò ní àmì tó hàn lórí ìyẹ́, inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà ni ìdin rẹ̀ sì ń gbé. Nítorí náà, bí ìyẹ́ bá ṣófo, ẹ má ṣe yára sọ ọ́ nù.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ó tọ́ kí n sọ ìdí tí àwa oníṣègùn ẹran kì í fi í dúró lórí orúkọ ìdílé nìkan. Ní 1944 ni du Toit fi hàn ní South Africa pé Culicoides ni ó ń gbé àrùn bluetongue láti ara àgùntàn kan dé ara òmíràn, àrùn tó ń pa ẹṣin ní Áfíríkà sì ń ti ara wọn wá bákan náà. Ẹ̀yà tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí fún ìgbà pípẹ́ ni Culicoides imicola, tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ tí ìgbẹ́ màlúù pò mọ́. Nígbà tí bluetongue sì bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Yúróòpù ní 2006, níbi tí imicola kò dé, àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ fúnra wọn ni ó gbé e kiri. Bí àwọn ènìyàn bá ti kàn kọ «Culicoides» sílẹ̀ tí wọ́n sì dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?

Ní ilé wa níhìn-ín náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ ní kotonkan lára Culicoides ní 1967, wọ́n sì ti rí bluetongue pẹ̀lú lára àwọn kòkòrò tí wọ́n kó ní ìlú yìí. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Àgùntàn ìbílẹ̀ wa sábà máa ń ní bluetongue láìṣàìsàn tó hàn síta, àwọn ẹran tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ni ó máa ń le fún. Fún ènìyàn, aràn kan wà, Mansonella perstans, tí Culicoides ń gbé kiri ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Kì í sábà fa ìpalára ńlá, ẹ̀jẹ̀ tí a bá yẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú ibi tí kòkòrò ti jẹni.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe máa fi fọ́tò ibi tó wú lára ránṣẹ́ kí ẹ sì máa béèrè irú kòkòrò tó jẹ ẹ́. Awọ ara ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó lè ti ibẹ̀ ka orúkọ. Bákan náà, kò sí fọ́tò tó lè fi hàn bóyá kòkòrò kan ní àrùn nínú.

Kí ẹ mú kòkòrò náà gan-an pa mọ́. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú ethanol, ìyẹn ọtí líle tí àwọn onímọ̀ fi ń pa nǹkan mọ́, kí ẹ fi kàn án nígbà tó bá bà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n sínú ìgò kékeré tí ethanol tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 wà. Bí ẹ bá ń ronú àyẹ̀wò DNA, kí agbára rẹ̀ tó 95. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá ogógóró lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò lágbára tó, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń mu ún máa mu ún. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi, ọjọ́, wákàtí àti ẹni tàbí ẹran tó ń jẹ sórí bébà, kí ẹ sì ju bébà náà sínú ìgò, nítorí pé ethanol máa ń fọ báírò nù.

Olóko Ìdànrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí lẹ́ńsì tí wọ́n ń há mọ́ fóònù rà, mo sì lo tíṣù bí Ayàwòrán ṣe wí. Ẹ wo fọ́tò kẹrin àti ìkarùn-ún. Mo fi sẹ́lótéèpù gbé ìyẹ́ kan lé bébà kí ó lè tẹ́, rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ikùn ọ̀kan nínú wọn pupa bí ẹni pé ó ti mu ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikùn náà kò sì wú. Kí ni ìyẹn? Èkejì ni pé ìyàwó mi ní kí n dáná sun gbogbo ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú oko, kí ìdin wọn lè tán. Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń yọ àdá sí, ṣùgbọ́n ti oko mi pọ̀ o. Ṣé kí n ṣe é?

Oníkòkòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná kí ẹ tó dáná. Àwọn ẹbí kantíkantí yìí kan náà ni ó ń so kòkó yín.

Òdòdó kòkó kéré, ìtò rẹ̀ sì díjú tó bẹ́ẹ̀ tí oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Àwọn tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan dé inú èkejì jù lọ ni Forcipomyia, tó wà nínú agbolé Ceratopogonidae pẹ̀lú Culicoides. Èyí tó pọ̀ jù nínú Forcipomyia kì í jẹ ènìyàn, ibi tí ìdin wọn sì ń gbé ni èèpo kòkó tó ń jẹrà, ewé tó rọ̀ sílẹ̀, àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Ghana tilẹ̀ ti dá a lábàá pé kí àwọn àgbẹ̀ máa kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú oko kòkó kí àwọn kòkòrò yìí lè pọ̀ sí i. Bí ẹ bá sun gbogbo rẹ̀, ìjẹni lè dín kù, ṣùgbọ́n ẹ lè rí i lára èso. Ohun tí èmi ì bá ṣe ni pé kí n kó èyí tó wà nítòsí ilé jìnnà sí ibi tí àwọn ènìyàn ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, kí n gé e wẹ́wẹ́ kí oòrùn lè tètè gbẹ ẹ́, kí n sì fi ti inú oko sílẹ̀.

Èyí ni ìdí tí fọ́tò fi ṣe pàtàkì fún yín ju bí ó ṣe ṣe pàtàkì fún àwa tí a kàn fẹ́ràn kòkòrò lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń jẹni yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Forcipomyia nírun púpọ̀ lára àti lórí ìyẹ́, ìyẹ́ náà kì í sì í sábà ní àmì tótòtó. Ibi tó dájú jù ni ìparí ẹsẹ̀. Láàárín èékánná méjèèjì Forcipomyia, nǹkan onírun kan wà tó gùn tó èékánná náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti Culicoides, ohun tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Lẹ́ńsì fóònù lè máà fi èyí hàn, ṣùgbọ́n máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ girama lè fi í hàn.

Lórí ikùn pupa: abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ni ikùn rẹ̀ máa ń wú, tí pupa rẹ̀ sì máa ń tàn. Abo tó ti mu ẹ̀jẹ̀, tó ti dà á di ẹyin, tó sì ti yé ẹyin náà, máa ń ní àwọ̀ pupa dúdú kan tó kù sínú awọ ikùn. Dyce ni ó ṣàlàyé èyí ní 1969, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń fi í mọ àwọn abo tó ti dàgbà. Èyí tó wà nínú fọ́tò yín ti jẹ ẹnì kan tàbí ẹran kan rí, ó tún padà wá ni. Irú èyí ni ó ń kan àwọn dókítà, nítorí pé èyí tí kò bá tíì mu ẹ̀jẹ̀ rí kò tíì lè gba àrùn láti ara ẹnikẹ́ni.

Ará Bàhíà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un láti Brazil. Maruim ni wọ́n ń pè é níbí, gúúsù Bàhíà náà sì jẹ́ ilẹ̀ kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Culicoides paraensis ni èyí tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì Oropouche, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Trinidad ní 1955, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó sì ni ìdin rẹ̀ fẹ́ràn. Ní 2024, àrùn náà tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Brazil, Bàhíà wà lára wọn, ó sì dé Cuba. Paraensis kò sí ní Áfíríkà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fọ́tò Ìdànrè wé e. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwa níbí bá ti Oníkòkòrò mu: kó ìdọ̀tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó kúrò nítòsí ilé, kí o sì wọ aṣọ alápá gígùn ní ìrọ̀lẹ́.

Oníkòkòrò

Mo ti fara balẹ̀ wo fọ́tò kẹrin àti ìkarùn-ún. Ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́, ìyàtọ̀ hàn gbangba. Yàrá kéékèèké méjì wà ní etí iwájú ìyẹ́, iṣan etí parí nígbà tó kọjá ìdajì díẹ̀, àmì dúdú wà lórí yàrá kejì, àmì funfun tẹ̀ lé e, iṣan àárín sì pín sí méjì. Gẹ́gẹ́ bí rúlà ṣe fi hàn, ìyẹ́ náà kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Irun ìwo rẹ̀ kò yàwìrì, nítorí náà abo ni. Culicoides ni, kò sí iyèméjì mọ́ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yà rẹ̀ ni n kò ní fún yín lórúkọ láti inú fọ́tò. Kì í ṣe inornatipennis, nítorí ìyẹ́ yìí ní àmì. Culicoides grahamii àti Culicoides milnei wà lára àwọn tí a mọ̀ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tí wọ́n ń dárúkọ bí a bá ń sọ ti Mansonella. Láti yan ọ̀kan, tàbí láti yọ àwọn méjèèjì, a ní láti gbé kòkòrò náà lé dígí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí a wo bí ẹ̀ka ẹnu rẹ̀ ṣe rí, kí a sì ka àpò kékeré tí abo ń pa àtọ̀ akọ mọ́ sí nínú ikùn. Ẹ gbé ìgò ethanol tí Dókítà sọ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ kòkòrò ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín jù, pẹ̀lú bébà tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń jẹrà díẹ̀ sínú ike ńlá kan, ẹ dé e pa kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, ẹ lu ihò kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ki ẹnu ìgò dígí bọ ihò náà. Ohunkóhun tó bá di kòkòrò nínú ìtì náà yóò tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú ìgò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó sì rí akọ pẹ̀lú abo. Ẹ ṣe ike kejì pẹ̀lú ìtì tí ẹ mú láti àárín oko kòkó. Kí ẹ kọ ọjọ́ sára ike méjèèjì, kí ẹ máa ya ohun tó bá jáde ní fọ́tò lórí bébà funfun pẹ̀lú rúlà, kí ẹ sì kó wọn síbí, a ó ka Culicoides àti Forcipomyia tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé ìtì kankan kúrò.